Kí Ẹ Tó Sanwó Kọ̀ǹpútà Àgbélétan

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dé ọ̀dọ̀ mi nígbàkígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga bá fẹ́ wọlé: "Iye owó báyìí ni ó wà lọ́wọ́ mi, kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà?" Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ó ti fo ohun kan dá. Owó ni olùbéèrè kọ́kọ́ dárúkọ, orúkọ ọjà ni ó sì ń retí láti gbọ́. Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà yóò ṣe, àti irú ilé tí yóò ti máa ṣe é, kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá. Àwọn àgbà ní ìyàwó tí a fẹ́ lójú ijó, ìran ni yóò wò lọ. Ojú ijó ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ra kọ̀ǹpútà: ó ń dán, ó rí pẹlẹbẹ, ontajà sì fi àpò àti máòsì lé e lọ́fẹ̀ẹ́.

Àṣìrà kò rọrùn mọ́ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tí iye rẹ̀ ní báńkì jẹ́ nǹkan bí ₦460 kí ó tó di ìgbà náà ti kọjá ₦1,500 nígbà tí yóò fi di oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ jẹ́ 400 dọ́là lókè òkun kúrò ní ₦184,000, ó di ₦600,000 ó lé, kí a tó fi owó ọkọ̀ àti èrè ontajà kún un. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn fi ń dán nǹkan wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó àjọ ni.

Owó àjọ ni ti àbúrò ìyá mi, ẹni tí ó ń ta èlùbọ́ n'Íbàdàn. Ọdún kan gbáko ni ó fi dá a, nítorí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wọ yunifásítì láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò owó. Ó ní kí n bá àwọn lọ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní òpópónà Ọ̀tígbà, n'Íkẹjà. Ẹni tí ó bá ti dé ibẹ̀ rí mọ̀ pé a kì í rìn dé àárín òpópónà kí wọ́n tó fà wá lápá. "Mọ́mì, ẹ yà síbí! Àǹtí, tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní ni!" Ọmọ náà ti rí èyí tí ó wù ú, ọ̀kan tí kò nípọn ju ìwé àjákọ lọ. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ gbé òmíràn tí ó wúwo, ó fi ọwọ́ gbá a, ó yíjú sí mi: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èyí tó nípọn kọ́ ló máa tọ́jọ́?"

Mi ò dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọmọ ni mo kọ́kọ́ bi léèrè pé báwo ni iná ilé tí yóò máa gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì ṣe rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iná ibẹ̀, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n."

Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí oníbàárà ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó ń kọ ìmọ̀ràn nípa kọ̀ǹpútà lókè òkun kì í fi ọ̀rọ̀ iná ṣe ohun àkọ́kọ́, nítorí pé iná tiwọn kì í lọ. Ní tiwa, bátìrì ni ilé iṣẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ni wọ́n ń fi lẹ́tà Wh kọ sí ara bátìrì tàbí sínú ìwé ẹ̀rọ, ìṣirò rẹ̀ kò sì le: bí bátìrì bá jẹ́ 50 Wh, tí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe sì ń jẹ wáàtì 10, wákàtí márùn-ún ni ẹ ó rí lò. Bí bátìrì kan náà bá ti gbó dé ìdajì, wákàtí méjì àbọ̀ ni. Kò sí bí wọ́n ṣe lè nu ara kọ̀ǹpútà dán tó tí yóò fi ìyàtọ̀ yìí hàn yín.

Ohun tí yóò fi í hàn wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Bí ó bá jẹ́ Windows ni, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ó ní àmì Windows, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Ojú dúdú kan yóò yọ. Ẹ kọ powercfg /batteryreport síbẹ̀, kí ẹ tún tẹ Enter. Ẹ̀rọ náà yóò kọ ìròyìn bátìrì, yóò sì sọ ibi tí ó tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ ṣí i, kí ẹ wá ìlà méjì: Design Capacity, èyí tí í ṣe ìwọ̀n bátìrì lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, àti Full Charge Capacity, èyí tí í ṣe ìwọ̀n tí ó ṣẹ́ kù sí i lónìí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000, tí èkejì sì jẹ́ 25,000, ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ nígbà tí ẹ bá ń ná ọjà. Lórí MacBook, inú System Information ni ẹ ó ti rí Cycle Count. Apple ní 1,000 ni òpin tí wọ́n ṣírò fún bátìrì ọ̀pọ̀lọpọ̀ MacBook òde òní. Mo ti rí ontajà tí ó bínú pé mo ń yẹ bátìrì wò. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Ẹ wo ṣájà pẹ̀lú. Ṣájà kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́ kì í sábà ju wáàtì 45 sí 65 lọ. Ínfátà kékeré lè gbé e láìmí kanlẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe fún eré àṣedárayá lè béèrè wáàtì 180 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí iná aláwọ̀ mèremère tí ó wà lábẹ́ bọ́tìnì rẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ààrẹ ti kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹni tí ó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Bí ẹ bá lè rí kọ̀ǹpútà tí ó ń gba iná láti ojú ihò USB-C, ẹ fi ìyẹn sí ọkàn. Lọ́jọ́ tí ṣájà bá bàjẹ́, kò ní jẹ́ dandan kí ẹ wá irú rẹ̀ gan-an káàkiri ìlú. Ti ọ̀rẹ́ yín lè ṣiṣẹ́, bí agbára rẹ̀ bá ti tó.

Lẹ́yìn iná ni ọpọlọ ẹ̀rọ, ibí yìí ni ariwo ti pọ̀ jù. "Core i7 ni o!" ni wọ́n máa ń ké, bí ẹni pé i7 jẹ́ oyè ìdílé. Ìran ẹ̀rọ náà ni kí ẹ béèrè. Nínú orúkọ àwọn ẹ̀rọ Intel tí ó kún ìsọ̀ tòkunbọ̀, nọ́ńbà tí ó tẹ̀ lé àmì ìsopọ̀ ni ó ń sọ ìran: i7-7500U jẹ́ ìran keje, i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, i5-10210U sì jẹ́ ìran kẹwàá. i7-7500U yẹn ní kóòrù méjì péré, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tí ó ń ṣe ìṣirò gan-an. I5-8250U tí ó jáde lọ́dún 2017 ní mẹ́rin. Ẹni tí ó san owó jù nítorí i7 ti fi owó ra ọwọ́ iṣẹ́ tí ó kéré. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, wọ́n ní kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, àkísà yẹn ni wọ́n ń tà fún yín.

Ohun mìíràn tún wà tí ó fi yẹ kí ẹ dúró lórí ìran kẹjọ sókè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lò ó kò kú, yóò máa tàn, ṣùgbọ́n àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé kò wá bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò gba ẹ̀rọ Intel tí kò tó ìran kẹjọ wọlé, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. Àwọn kan nínú ọjà mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ti Windows 11 bọ inú ẹ̀rọ àtijọ́ ní tipátipá. Nítorí náà, rírí tí ẹ rí Windows 11 lójú ẹ̀rọ kò tíì fi hàn pé ó tọ́ sí i. Ẹ ṣí Settings, ẹ wá About, kí ẹ sì fi ojú ara yín ka orúkọ ọpọlọ ẹ̀rọ náà.

Bí mo ṣe ń ka gbogbo èyí, àbúrò ìyá mi dá mi dúró. Ó ní, "RAM, RAM, SSD, SSD. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Mo ní kí ó wo ìsọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Àtẹ tí ó ń pa èlùbọ́ sí níwájú ni RAM. Yàrá ẹ̀yìn tí àpò èlùbọ́ yòókù wà ni ibi ìpamọ́. Bí àtẹ bá kéré, bí yàrá ẹ̀yìn ti wù kí ó tóbi tó, ìdìde-ìjókòó ni yóò máa bá kiri ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá dé. Bí ẹni tí ó ń lọ gbé èlùbọ́ wá láti yàrá ẹ̀yìn bá sì jẹ́ arúgbó tí ń tiro, ìyẹn ni HDD, díìsìkì àtijọ́ tí ó ń yí bírí nínú ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀, ìyẹn ni SSD. Ó ní, "Ẹ̀n-hẹ́n. Èyí tó lẹ́sẹ̀ ni kí wọ́n fún wa."

Ẹni tí ó bá fẹ́ máa kọ̀wé, ka ìwé PDF, ṣe ìpàdé lórí Zoom, kí ó sì ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì bíi mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, RAM 8GB àti SSD 256GB yóò tó o. Òǹkọ̀wé ni mí, ìwọ̀n tí mo ń lò nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń kọ́ iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tàbí tí ó ń gé fídíò, kí ó wá 16GB. Ibi tí mo ti fẹ́ pariwo ni ti àwọn kọ̀ǹpútà tuntun pátápátá, nínú páálí, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú: RAM 4GB, ibi ìpamọ́ eMMC 64GB. Òǹkà méjèèjì yìí ni òpin ìsàlẹ̀ tí Microsoft là sílẹ̀ fún Windows 11. Windows nìkan ti gba apá ńlá nínú rẹ̀ kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan. Wọ́n sì sábà máa ń jó eMMC yẹn, àti RAM pẹ̀lú, mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ, tí kò fi ní ṣe é pààrọ̀. Tuntun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ gidi tí ó jẹ́ iye kan náà sàn jù ú lọ fíìfíì. MacBook tí ó ní M1, èyí tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí tà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, jẹ́ ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́ púpọ̀, mi ò ní sọ pé kò dára. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé RAM tí ó bá bá nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó rà á ni yóò bá a lọ.

Ohun tí a rà fún ọmọ náà ni ThinkPad T480 tòkunbọ̀, irú èyí tí Lenovo gbé jáde lọ́dún 2018. Ìran kẹjọ ni. Bátìrì méjì ni ó ní: ọ̀kan wà nínú, ìkejì ń bẹ lẹ́yìn tí ènìyàn lè fi ọwọ́ yọ, kí ó ki òmíràn bọ̀ ọ́ láìpa ẹ̀rọ náà. RAM rẹ̀ ṣe é fi kún, ó sì ń gba iná láti USB-C. Ó nípọn. Àbúrò ìyá mi wò mí bí ẹni tí ó borí nínú ẹjọ́, mi ò sì bá a jiyàn. Ọmọ kọ́kọ́ fa ojú ro, títí ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ bátìrì ẹ̀yìn yẹn.

Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ní àrùn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹ̀rọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ lókè òkun lò fún ọdún mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n tó kó wọn dànù, òmíràn sì wà tí wọn kò tíì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ilé-iṣẹ́. Akẹgbẹ́ mi kan ra irú rẹ̀. Ó lò ó fún oṣù kan láìsí wàhálà. Ọjọ́ tí ó tún Windows inú rẹ̀ tò ni orúkọ ilé-iṣẹ́ kan yọ, tí ẹ̀rọ náà ní kí ó fi ímeèlì òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wọlé. Ontajà tí ó tà á fún un ti kó kúrò ní ìsọ̀ náà. Ẹ má ṣe sanwó títí ontajà yóò fi da ẹ̀rọ padà sí ipò àkọ́kọ́ lójú yín, tí ẹ ó sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín nígbà tí ó bá ń tàn, nítorí pé íntánẹ́ẹ̀tì ni ó fi ń rántí olówó rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ MacBook, kí ó má ṣe béèrè Apple Account ẹlòmíràn. Ẹ tún pa á, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì wọ inú BIOS. Bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ontajà kò mọ̀, ẹ dá a padà fún un.

Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì pátákó ìtẹ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí ó ti Jámánì wá máa ń fi Z sí ibi tí Y wà lọ́dọ̀ wa, ti Faransé sì ń bẹ̀rẹ̀ ìlà òkè pẹ̀lú A àti Z. Ọwọ́ tí ó ti mọ́ra yóò máa ṣìnà. Ẹ ki nǹkan bọ gbogbo ojú ihò, ẹ wo kámẹ́rà, ẹ gbọ́ ohùn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó kún un nítorí pé ẹ ń fẹ́ èyí tí ó lè kọ Yorùbá, ẹ rín in. Windows ní àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá nínú fúnra rẹ̀, inú Settings lábẹ́ èdè ni ẹ ó ti fi kún un. MacOS ní èyí tí ó ń jẹ́ ABC Extended, tí ó ń kọ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Mo ti ń ṣọ̀fọ̀ àmì ohùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí mo ti wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, kì í sì í ṣe kọ̀ǹpútà ni ó fà á.

Ó ku ìwé. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, fún ẹni tí ó ń ra ọjà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò, ó ní kí ontajà fún un ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó rà, ó sì ní kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba bí ọjà bá jẹ́ àlòkù. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, kò lè gba ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n ta ọjà alábùkù fún lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ tí ó ń mójú tó òfin yìí ni FCCPC. Ẹ̀rí ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ yín, nítorí náà rìsíìtì tí ó kàn sọ pé "láptọ́ọ̀pù kan" kò tó. Kí wọ́n kọ irú ẹ̀rọ náà, ìran ọpọlọ rẹ̀, RAM, ibi ìpamọ́, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi dá yín lójú. Owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́ láti báńkì sàn ju owó ọwọ́ lọ, bí ó bá wọ àpò ìfowópamọ́ tí orúkọ ìsọ̀ wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lò ó tagbára-tagbára láàárín ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Ẹ má gbé e sínú àpótí de ọjọ́ ìwọlé. Ẹ jẹ́ kí ó gbóná, ẹ jẹ́ kí bátìrì tán pátápátá lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi wo fídíò gígùn, ẹ tún ṣe ìròyìn bátìrì lẹ́ẹ̀kejì kí ẹ fi wé ti ọjà. Ọmọ àbúrò ìyá mi ṣe é, ó sì rí i ní ọjọ́ kẹrin pé ojú ihò USB kan kò gbé nǹkan. Ọjọ́ méje ni ó wà lórí rìsíìtì. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún un.